Orin Tí Kò Ní Akọrin: Ìtàn Manu Dibango àti Fèrè Rẹ̀ Nínú Sinimá Ilẹ̀ Adúláwọ̀

Ẹni tí ó bá jáde kúrò ní ìlú Maiduguri, tí ó kọrí sí ọ̀nà Bama, tí ó sì ti kọjá ẹnu ibodè Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1975, kì yóò rìn jìnnà kí ó tó kan Dalori, abúlé tí ó wà jẹ́jẹ́ rẹ̀ láàárín oko àti yanrìn, tí orúkọ rẹ̀ kò dé etí àwa ará ìhín títí di ìgbà tí ogun Boko Haram sọ ibẹ̀ di àgọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí a lé kúrò ní Bama àti àyíká rẹ̀, tí àwọn agbésùnmọ̀mí sì tún wá ká wọn mọ́ ibẹ̀ ní òru ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, tí wọ́n ti iná bọ ilé, tí wọ́n sì fi ẹ̀mí ọmọdé àti àgbà ṣòfò. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo ń wí yìí ti wà kí ogun náà tó dé, yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti Dalori, a ó dé Bama. Bí a bá tún tẹ̀ ẹ́ síwájú, a ó dé Banki, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti parí, tí ilẹ̀ Kamẹrúùnù sì ti bẹ̀rẹ̀. Ààlà yìí gan-an kì í ṣe ti àtayébáyé, nítorí pé Bama àti gbogbo ilẹ̀ Dikwa wà lára Kamẹrúùnù tí àwọn Jámánì kọ́kọ́ jẹ gàba lé lórí, tí Gẹ̀ẹ́sì sì gbà lọ́wọ́ wọn nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ dìbò ní oṣù kejì ọdún 1961 ni ọ̀rọ̀ tó yanjú, wọ́n sì di ọmọ Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Mo mú ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kí ó lè yé òǹkàwé pé aládùúgbò wa tímọ́tímọ́ ni ẹni tí mo fẹ́ pìtàn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun ní ìhà gúúsù Kamẹrúùnù ni a ti bí i, tí ó sì lo púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ní òkè òkun. Emmanuel N'Djoké Dibango ni orúkọ rẹ̀, Manu ni gbogbo ayé ń pè é: ọmọ Douala, afunfèrè-bí-ẹni-ń-sọ̀rọ̀, ọkùnrin gìrìwò afárí-kodoro, ẹlẹ́rìn-ín àrà tí ẹ̀rín rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọ inú ilé. Orin tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá kì í ṣe orin tí a ń fi ẹnu kọ tó bẹ́ẹ̀. Fèrè, gìtá, dùùrù àti ìlù ni ó fi ń sọ tirẹ̀, irú orin tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń pè ní fọ́ńkì, tí ẹsẹ̀ kì í gbọ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn kan a máa wí pé orin tí kò bá ní ọ̀rọ̀ nínú kò tíì pé. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ bá wọn sọ irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí dùndún ti ń ki ọba, tí bàtá ti ń bá Ṣàngó sọ̀rọ̀, níbẹ̀ ni àwọn baba wa ti wí pé òwe ni à ń lu ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó kọjá ni pé sinimá dé, ó sì fún irú orin bẹ́ẹ̀ ní ilé titun tí yóò máa gbé: òṣèré lè dákẹ́ lójú àwòrán, kí ó kàn máa wò, kí fèrè àti ìlù sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. Manu Dibango wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ yìí fún sinimá ilẹ̀ Adúláwọ̀ nígbà tí sinimá náà ṣì wà ní èwe. Bí ó ṣe ṣe é, àti ohun tí ayé fi san án fún un, ni mo fẹ́ sọ.

A bí i ní Douala ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1933, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Faransé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni baba rẹ̀, ará Yabassi. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ọmọ Douala pọ́ńbélé. Onígbàgbọ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ni àwọn méjèèjì, inú ẹgbẹ́ akọrin ilé ìjọsìn ni ọmọ náà sì ti kọ́kọ́ mọ bí ohùn kan ṣe ń gun òmíràn; girámáfóònù tí ó wà nínú ilé ni ó fi orin ilẹ̀ òkèèrè hàn án. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé èbúté ni Douala: ohun tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ ni ọmọ ibẹ̀ ń kọ́kọ́ rí, àwo orin sì máa ń bá ẹrù wọlé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọmọ yìí ṣe wá di ẹni tí oríṣi orin kan ṣoṣo kò lè tó, inú ilé àti ìlú bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá.

Ní 1949, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, baba rẹ̀ fi í sínú ọkọ̀ ojú omi kí ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò lórí òkun kí ó tó gúnlẹ̀ sí Marseille, ohun tí baba rẹ̀ sì dì fún un láti fi san owó ilé àti oúnjẹ lọ́wọ́ ìdílé tí yóò gbà á sọ́dọ̀ ní Saint-Calais ni kọfí kílò mẹ́ta, nítorí ohun tí ó pọ̀ lóko Kamẹrúùnù, ọ̀wọ́n gógó ni ní ilẹ̀ Faransé tí ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Kò gbàgbé ẹrù náà títí. Nígbà tí ó di àgbà, tí ó sì gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1989, kọfí kílò mẹ́ta náà ni ó fi ṣe orúkọ ìwé. Francis Bebey, ọmọ Kamẹrúùnù bíi tirẹ̀, tí òun náà yóò di gbajúmọ̀ olórin àti òǹkọ̀wé lẹ́yìn ọ̀la, ni ó là á lójú sí orin jáàsì ní ilẹ̀ àjèjì náà. Máńdólínì àti dùùrù ni ó kọ́kọ́ mú, kí ó tó bá saksofóònù pàdé, kí àwọn méjèèjì sì di tọkọtaya. Baba rán ọmọ kí ó wá di ọ̀mọ̀wé, ọmọ ń ti ilé ìwé bọ́ sí ilé ijó. Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá já a kulẹ̀, baba dáwọ́ owó ìrànlọ́wọ́ dúró, Manu sì kọjá lọ sí Brussels ní 1956 láti máa fi fèrè jẹun. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Brussels yìí ni orí rẹ̀ ti bá a pàdé rere. Ní 1960, nígbà tí àwọn olóṣèlú Kóńgò wá bá ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù jókòó láti jíròrò lórí òmìnira, Joseph Kabasele, tí wọ́n ń pè ní Grand Kallé, bá wọn wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ African Jazz. Ó gbọ́ fèrè ọmọ Douala náà, ó mú un mọ́ra, ó sì mú un lọ sí Léopoldville, tí à ń pè ní Kinshasa lónìí, ní 1961. Ìgbà náà ni Manu, tí ó ti gbé láàárín àwọn aláwọ̀ funfun láti kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ó ti rí kí ènìyàn máa fun fèrè fún àwọn ẹni tirẹ̀. Ó padà sí Douala ní 1963 nítorí pé baba rẹ̀ ń fẹ́ kí ó wálé. Ó dá ilé ijó sílẹ̀, ó pè é ní Tam-Tam, ṣùgbọ́n ìgbà náà jẹ́ ìgbà ọ̀tẹ̀ àti òfin kónílé-ó-gbélé, ta ni yóò fi òru jó nígbà tí sójà wà ní ìta? Gbèsè lé e padà sí Paris ní 1965.

Ní Paris, ẹ̀yìn àwọn akọrin Faransé bíi Dick Rivers àti Nino Ferrer ni ó ti ń jẹun fún ọdún mélòó kan. Nínú àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó bọ́ sí iṣẹ́ kan tí àwọn tí ń pìtàn rẹ̀ kì í dúró lé lórí, ṣùgbọ́n tí èmi gbà pé òun ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní Paris, ní London àti ní Róòmù nígbà náà, tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀, kì í ṣe láti tà á fún ará ìlú, bí kò ṣe láti kó o pamọ́ fún àwọn onísinimá, àwọn onítẹlifíṣọ̀n àti àwọn olùpolówó ọjà, kí ẹni tí ó bá ń wá orin fún ìran ọkọ̀ tí ń sáré ní òru, tàbí fún ìran obìnrin tí ń dá rìn létí òkun, lè wá yan èyí tí ó bá a lára mu, kí ó sì san owó rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ kò rí sinimá náà rí. Ó gbọ́dọ̀ fi ojú inú rí ìran tí a kò tíì yà, kí ó mú un bẹ̀rẹ̀ láìjáfara, kí ó sọ ohun tí ó ní í sọ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ó sì dákẹ́. Iṣẹ́ yìí ni Manu ṣe nínú àwo African Voodoo ní nǹkan bí 1971, àti nínú Africadelic tí ó jáde ní 1973. Ẹ fetí sí wọn bí ẹ bá rí wọn: báàsì a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ìlù kóńgà a gbà á lẹ́nu rẹ̀, gìtá iná a wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan tí yóò máa ké wọ́ùnwọ́ùn, dùùrù a tẹ́ ẹní fún wọn, ìgbà tí gbogbo ilé bá sì ti gbóná tán ni ògbólógbòó fèrè yóò tó gbẹ́nu sókè, pẹ̀lú ohùn tí ó nípọn tí kò sì yára. Kò sí ẹni tí yóò ka orúkọ olórin lójú irú àwo bẹ́ẹ̀, kò sí àtẹ́wọ́, iṣẹ́ alágbàṣe gbáà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi í jẹ́ ti ọmọ, ọkùnrin yìí sì fi í jẹ́ ti ọmọ débi pé lẹ́yìn ogójì ọdún ni àwọn tí kò tíì dáyé nígbà náà ń fi owó gọbọi wá àwọn àwo wọ̀nyí kiri.

Ibi tí ayé ti wá gbọ́ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lérò. Ní 1972 Kamẹrúùnù gba àlejò ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, a sì ní kí Manu ṣe orin tí orílẹ̀-èdè yóò fi gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lárugẹ. Ó ṣe é. Àwo kékeré ìgbà náà ní ojú méjì. Orin ìdíje wà lójú kìn-ín-ní, ojú kejì sì wà tí ń dúró de ohun tí a ó fi sí i, ni ó bá fi orin kan tí ó gbé ka orí ìlù makossa àwọn ará Douala sí i, ó pè é ní Soul Makossa. Congo-Brazzaville lé Kamẹrúùnù kúrò lọ́nà, ó sì lọ gba ife. Ipò kẹta ni onílé gbé. Orin ìdíje bá ìbànújẹ́ ìlú lọ, kò sì sí ẹni tí ó bìkítà fún ojú kejì àwo náà.

Ẹni tí ó bìkítà wà ní New York. David Mancuso, ọkùnrin kan tí ń pe ènìyàn jọ jó nínú ilé rẹ̀, rí àwo náà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará erékùṣù Karibíánì kan ní Brooklyn, ó gbé e sí i ní òru, ilé sì dà rú. Frankie Crocker, ọ̀gá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ilé rédíò WBLS, gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ní àlùtúnlù. Ìwọ̀nba tí ó ti ilẹ̀ Faransé wọ Amẹ́ríkà tán kíákíá, nígbà tí a kò sì rí ti ojúlówó rà mọ́, ẹgbẹ́ olórin lórí ẹgbẹ́ olórin sáré gba ẹ̀dà tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ń jẹ́ Afrique, fi tirẹ̀ wọ orí àtẹ Billboard. Ilé iṣẹ́ Atlantic ló wá fi owó gba ẹ̀tọ́ orin náà, ti Manu fúnra rẹ̀ sì gòkè dé ipò 35 ní 1973. Ọdún náà ni ó fun fèrè ní Apollo ní Harlem, tí ó sì bá ẹgbẹ́ Fania All-Stars dúró ní pápá ìṣeré Yankee, níwájú ogunlọ́gọ̀ àwọn ọmọ Latin tí wọ́n rí i pé ìlù tiwọn náà ni ọkùnrin yìí gbé wá láti orírun rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ọ̀rọ̀ inú orin náà kò tó nǹkan: ó kàn fi ahọ́n gbé orúkọ ijó náà jó, tí ó ń dá sílébù rẹ̀ lu ara wọn, ni ó bá fi ìyókù lé fèrè lọ́wọ́. Àwọn tí ń jó o ní New York kò gbọ́ èdè Douala, wọn kò sì béèrè ìtumọ̀.

Ìgbà náà sì jẹ́ ìgbà tí sinimá àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń hó. Isaac Hayes ti gba ẹ̀bùn Oscar ní 1972 nítorí orin tí ó ṣe fún Shaft. Curtis Mayfield ti fi orin Super Fly gba ìgboro kan. Báàsì, gìtá oníwọ́ùnwọ́ùn àti fèrè ti di aṣọ tí gbogbo akíkanjú dúdú ń wọ̀ wọnú àwòrán. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ọ̀nà náà ni Ossie Davis, òṣèré àti olùdarí, tí ó ya Cotton Comes to Harlem ní 1970. Ọ̀dọ̀ wa kò ṣàjèjì sí i, nítorí pé òun náà ni ó darí Kongi's Harvest, sinimá tí Francis Oladele gbé kalẹ̀ láti inú eré Wọlé Ṣóyínká, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Davis tún padà wá sí Èkó. Lọ́tẹ̀ yìí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Delta Sigma Theta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard ní 1913, ni ó dáwó jọ fún un, nítorí ó ti sú wọn bí sinimá ṣe ń fi ènìyàn dúdú hàn gẹ́gẹ́ bí olè àti oníṣekúṣe. Ladi Ladebo, ọmọ Nàìjíríà, sì wà lára àwọn tí ó gbé e kalẹ̀. Countdown at Kusini ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn olórin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà kan ni, tí ó wá sí ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ọ̀ràn òmìnira sì gbé e lọ. Ossie Davis àti ìyàwó rẹ̀ Ruby Dee ṣe nínú rẹ̀, Manu Dibango ni a sì ní kí ó wá fi orin sí i.

Ẹ wò ó bí ìdàpọ̀ náà ti rí: owó àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, ìgboro Èkó, olùdarí láti Georgia, fèrè ọmọ Douala. Sinimá náà jáde ní 1976, kò sì rí ọjà tà. Àwọn tí ń pín in kiri kò dúró tì í, kò sì pẹ́ tí ó fi kúrò lójú. Orin inú rẹ̀ kò bá a kú. Àwo orin náà wà, ìrìn ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn nínú ìgboro sì ń dún nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò tilẹ̀ rí àwòrán rárá. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa orin sinimá tí a ṣe ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, èyí wà lára àwọn tí ó dùn mí jù pé àwọn ọmọ Èkó fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n.

Láti 1975 títí di 1979 Abidjan ni Manu fi ṣe ibùjókòó, níbi tí ó ti ń darí ẹgbẹ́ olórin ilé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ivory Coast. Àsìkò yìí ni àwọn olùdarí sinimá ilẹ̀ Adúláwọ̀ ń wá a kiri. Ó ṣe orin L'Herbe sauvage fún Henri Duparc ní Abidjan, ó ṣe ti Le Prix de la liberté fún Dikongué-Pipa, ọmọ ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ga ju gbogbo wọn lọ ni Ceddo tí Ousmane Sembène ya ní Senegal, tí ó jáde ní 1977. Ìtàn abúlé kan ni láti ayé àtijọ́, tí ìmọ́ọ̀mù, àlùfáà aláwọ̀ funfun àti oníṣòwò ẹrú dúró yí i ká, tí olúkúlùkù ń fẹ́ apá kan nínú ara àti ọkàn àwọn ará ibẹ̀. Olórin mìíràn ì bá fi kora àti sábàá nìkan sí i, kí ó má bàa jáde kúrò ní ayé ìgbà náà. Manu kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ìran tí a ti ń fi irin gbígbóná sàmì sí ẹrú lára, orin ẹ̀mí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, irú èyí tí a ń kọ ní ilé ìjọsìn wọn, ni a gbọ́. Àwọn tí a ń jó lára kò tíì wọ ọkọ̀, orin àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ti ń sunkún lé wọn lórí láti òdì kejì òkun. Olórin tí ó mọ ohun tí sinimá lè fi orin ṣe nìkan ló lè dá irú rẹ̀ láṣà. Ààrẹ Senghor kò jẹ́ kí a fi sinimá náà hàn ní Senegal; ọ̀ràn sípẹ́lì orúkọ rẹ̀, bóyá lẹ́tà d kan ni tàbí méjì, ni ìjọba fi ṣe àwáwí.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa nílé, àsìkò kan náà ni irúgbìn yìí hù. Ọ̀mọ̀wé Ola Balogun, tí ó ya Àjàní Ògún ní 1976, kọjá lọ sí Brazil láti ya Black Goddess ní 1978, ìtàn ọmọ Yorùbá tí ó lọ wá àwọn ẹbí rẹ̀ tí a kó lẹ́rú lọ. Remi Kabaka, onílù tí ó ti bá Steve Winwood gbé àwo Aiye-Keta jáde ní London ní 1973, ni ó ṣe orin rẹ̀, ìlù ìbílẹ̀ àti fọ́ńkì sì so mọ́ ara wọn níbẹ̀ tí a kò fi mọ èyí tí ó ṣáájú. Sinimá náà di ohun tí ènìyàn ń fi àtùpà wá. Àwọn ará London ló tún àwo orin rẹ̀ tẹ̀ jáde. Fẹlá náà bẹ̀rẹ̀ sinimá ìtàn ayé ara rẹ̀, Black President. Nígbà tí àwọn sójà sun Kalakuta ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, ohun tí ó ti gbà sílẹ̀ fún un bá ilé jó. A kò lè mọ ohun tí a pàdánù lọ́jọ́ náà. Hubert Ogunde ní tirẹ̀ kò wá olórin lọ síbì kankan nígbà tí ó gbé sinimá Ayé kalẹ̀ ní 1979. Àwọn onílù àti akọrin ìtàgé rẹ̀ ni ó kó wọ inú àwòrán, ọ̀nà tirẹ̀ sì dára bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ìtàn Manu gùn, n kò sì ní fi gbogbo rẹ̀ dá òǹkàwé dúró: ó lọ sí Jamaica láti bá Sly Dunbar àti Robbie Shakespeare ṣiṣẹ́, ó gbé Waka Juju jáde ní 1982, ó bá Herbie Hancock ṣe Electric Africa ní 1985, ó sì kó àwọn olórin Adúláwọ̀ jọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Ethiopia. Èyí tí mo gbọ́dọ̀ dúró lé ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní òpin ọdún 1982 Michael Jackson gbé Thriller jáde, orin tí ó ṣí àwo náà sì fi ìdárayá ahọ́n inú Soul Makossa parí, láìgba àṣẹ, láìdárúkọ ẹni tí ó ni ín. Àwo náà di èyí tí a tà jù lọ ní gbogbo ayé. Manu béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ìtẹ̀wọ́gbà láìdé ìdájọ́. Ní 2007 Rihanna tún lo ohun kan náà. Ọ̀dọ̀ Michael Jackson ni wọ́n ti gba àṣẹ, wọn kò bi ọkùnrin Douala léèrè, ó sì di ilé ẹjọ́ ní Paris ní 2009. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ràn owó nìkan ni kò mọ iṣẹ́ olórin. A gba ohun ọlọ́hun, a tún fi orúkọ ẹlòmíràn pè é, títí ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi gbà pé Amẹ́ríkà ni ijó Douala ti wá. Mo ka èyí sí ìwà ọ̀dájú, bí ó ti wù kí ẹni tí ó hù ú ti gbajúmọ̀ tó.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú un lọ ní ilẹ̀ Faransé, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ tí àrùn náà kọ́kọ́ pa. Ní oṣù keje ọdún náà ni Ennio Morricone, àgbà ọ̀jẹ̀ orin sinimá ilẹ̀ Ítálì, tẹ̀ lé e.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn pọ̀. Ní Milan ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Calibro 35, tí ó gbé àwo rẹ̀ kìn-ín-ní jáde ní 2008. Kò ní akọrin, iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni kí ó tún jí orin sinimá ọlọ́pàá àti ọ̀daràn tí àwọn ará Ítálì ń yà ní nǹkan bí 1970 dìde, ó sì ti bá a lọ débi tí àwọn onísinimá òde òní fi ń pè é kí ó wá ṣe orin titun fún wọn. Ní New York, Budos Band ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2005, inú omi Afrobeat Èkó ni ó sì ti kọ́kọ́ bu tirẹ̀ mu. Ọmọ òyìnbó wọ̀nyí tẹ́tí sí àwo àtijọ́ dáadáa, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ń fi í jẹun pẹ̀lú ọlá. Ó yẹ kí a yìn wọ́n. Ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n ní Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ya sinimá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ọmọkùnrin kan tí ó jókòó ti kíbọ́ọ̀dù nínú yàrá ni a ń gbé orin sinimá odindi lé lọ́wọ́, tí yóò sì fi ẹnu sọ gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ń ya sinimá Yorùbá: nígbà tí ẹ bá ń kọ iye owó tí iṣẹ́ yóò ná yín, ẹ kọ ti onílù, ti afunfèrè àti ti onígìtá mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi àwòrán hàn wọ́n kí wọ́n tó lù, ẹ sì tẹ orúkọ wọn sí ojú sinimá níbi tí ènìyàn yóò ti rí i kà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin náà, Nàìjíríà ti ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ titun, ti 2022. Ẹ lọ kà á, ẹ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹ sì gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó, kí ẹ tó jẹ́ kí ó gbé e kúrò nílé yín.